Ewé Tí Ọwọ́ Mi So

Tasí Rósà ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí láyé. Mo fi orúkọ rẹ̀ ṣíwájú ohun gbogbo tí mo fẹ́ kọ síbí, nítorí òun náà kò fìgbà kan jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣíwájú òun, ìbáà ṣe nídìí kànga, ìbáà ṣe nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni. Ní Lomé, tasí ni gbogbo wa ń pe arábìnrin bàbá ẹni; ọ̀rọ̀ àwọn Mínà ni, ṣùgbọ́n àwa ọmọ Ifẹ̀ tí a ti ìhà Atakpamé wá ti sọ ọ́ di tiwa. Lọ́jọ́ tí a sin ín, fàdá dúró nídìí pẹpẹ, ó ní ìyá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló lọ yìí. Mo jókòó ní ìlà kejì, mo di ìwé orin mú, mo ń wo ẹsẹ̀ ara mi. Bí mo bá la ẹnu lọ́jọ́ yẹn, wọn yóò ní mò ń bá òkú jà. Nísinsìnyí èmi náà ti di arúgbó, ojú kò tì mí mọ́. Gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ti lọ tán, kò sì sí ẹni tí yóò bá mi jiyàn.

Ilé bàbá mi wà ní Amoutivé, àdúgbò kan ní Lomé, ilé alámọ̀ onípáànù kan tó ní àgbàlá tóóró, igi máńgòrò kan, àti kànga tí omi rẹ̀ níyọ̀ díẹ̀ nítorí òkun tó sún mọ́ wa. Ọlọ ló máa ń jí mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Tasí Rósà á ti jókòó sídìí ọlọ, á máa lọ tábà pọ̀ mọ́ káún, nítorí tábà ni òwò rẹ̀: odidi ewé fún àwọn tó ń mu ìkòkò, aṣárà fún àwọn tó ń fà á símú. Òun fúnra rẹ̀ ń fà á. Á lọ̀ ọ́ díẹ̀, á fi ìka kan tọ́ ọ wò, á sín lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn adìyẹ á tú ká. Ìró ọlọ, ìró sínsín, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀: “Àjọkẹ́! Ṣé orí ẹní ni wọ́n ti ń pọnmi ni?” Èmi ni mò ń pọnmi. Èmi ni mò ń gbálẹ̀, tí mò ń fọ ọlọ, tí mò ń fọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ mi àti ti Fẹlísì, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Tasí bí, tí èmi àti rẹ̀ jọ wà ní kíláàsì kan náà. Fẹlísì á ṣì máa sùn. Ìyá mi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀, Tasí sì wá láti wá tọ́ mi, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ní alẹ́, bí a bá yí ká àkúmẹ̀ tí a fi ìyẹ̀fun àgbàdo rò àti ọbẹ̀ ewé gbọ́mà, orí ẹja á bọ́ sínú àwo tèmi, ara ẹja á bọ́ sínú ti Fẹlísì. Bí mo bá wo àwo mi ju bó ṣe yẹ lọ, Tasí á ní, “Àwo tó bá sún mọ́ ìkòkò ló ń kún.” Ó ní òwe fún gbogbo ìrẹ́jẹ. Bàbá mi, akọ̀wé ni ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, á máa ka ìwé ìròyìn tí àwọn Faransé ti kà tì lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ohunkóhun tí a bá lọ fi sùn ún, ìdáhùn kan ló ní: “Tasí yín ló mọ̀.”

Mo mọ̀wé. N kò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ èké bo ìyẹn mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ orí mi yìí. Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Màsẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì, èmi ni mò ń ṣe ipò kìíní nínú àpèkọ àti ìṣirò, Fẹlísì sì ń ṣe ipò kejì nígbà tí àga rẹ̀ bá sún mọ́ tèmi, ipò kẹsàn-án nígbà tí wọ́n bá gbé e jìnnà. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Màsẹ́ẹ̀ tó ń kọ́ wa sọ fún kíláàsì pé àwọn aláṣẹ fẹ́ mú ọmọbìnrin kan, ẹyọ kan péré, láti ilé ẹ̀kọ́ wa lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́ olùkọ́. Yóò máa gbé ibẹ̀, yóò máa jẹun níbẹ̀, yóò sì padà wá di ẹni tí wọ́n ń pè ní màdámú. Ìdánwò náà yóò jẹ́ ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé ọdún Àwọn Ọba Mẹ́ta. Ojú mi ni Màsẹ́ẹ̀ ń wò bó ti ń sọ ọ́. Ọmọ méjì péré nínú kíláàsì ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò pé: èmi àti Fẹlísì. Nígbà tí a ń padà sílé, Fẹlísì ń gbá òkúta kiri nínú yanrìn.

“Bí o bá lọ di màdámú,” ó ní, “ta ni yóò máa fọ ọlọ Màmá?”

“Ìwọ ni.”

“Èmi kẹ̀? Tábà ń rùn.” Ó rẹ́rìn-ín, ó fi apá kọ́ mi lọ́rùn. “Màdámú Àjọkẹ́, bọ́ńjúù! Màdámú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà mí!”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ìgbà tó kẹ́yìn nìyẹn tí ẹnikẹ́ni yóò pè mí bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà Fẹlísì sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Tasí fi àwo ẹja lé mi lọ́wọ́, ara ẹja ló wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí ìyẹn ti bà mí lẹ́rù.

Nígbà tí ìsinmi Nọ́ẹ̀lì kù sí dẹ̀dẹ̀, Tasí ní òun ń lọ ra tábà ní ilé ìyá òun, lórí òkè lẹ́yìn Atakpamé, níbi tí wọ́n ti ń gbin èyí tó dára jù. Ó ní òun yóò mú mi dání. “Ọmọ tó fẹ́ di olùkọ́ kò mọ ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti wá. Kí ni yóò máa kọ́ wọn? Òkun?” Ó ní omi kan ń já bọ́ láti orí àpáta níbẹ̀, ihò kan sì wà tí àwọn baba wa sá pamọ́ sí nígbà ogun, tí àwọn òyìnbó pàápàá ń wá wò. Ọ̀sẹ̀ kan péré, ó ní. Bàbá mi gbé ojú kúrò lára ìwé ìròyìn. “Ìdánwò rẹ̀ ńkọ́?” Tasí ní, “Ṣé ìdánwò ń sá lọ ni? A ó ti padà kí ọdún tuntun tó wọlé.” Bàbá mi sì padà sídìí ìwé ìròyìn rẹ̀. Fẹlísì kò bá wa lọ, wọ́n ní inú ń run ún.

N kò tíì wọ ọkọ̀ ojú irin rí, èmi ọmọ akọ̀wé ojú irin. Mo fi iwájú orí ti ojú fèrèsé títí eruku fi bò ó. Níbi gbogbo tí ọkọ̀ bá ti dúró, àwọn obìnrin á sáré wá pẹ̀lú àblọ̀, ẹ̀kọ dídùn, gbígbóná nínú ewé àti ẹja díndín, Tasí á sì máa ná wọn bí ẹni pé ó fẹ́ ra ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Láti Atakpamé a fi ẹsẹ̀ gun òkè. Ní ẹ̀bá ọ̀nà, irin gígùn kan dùbúlẹ̀ nínú koríko, ó nípọn bí igi àgbọn, ìpẹtà ti jẹ ẹ́; àwọn Jámánì ló gbé e dúró láti fi máa ránṣẹ́ gba inú afẹ́fẹ́ kí ogun tó lé wọn lọ. Abúlé tí a lọ, n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ báyìí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àbúrò ìyá Tasí ni olórí ibẹ̀, wọ́n ń pè é ní Bàbá Olókè. Nígbà tí mo béèrè irin àwọn Jámánì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa àárín orí rẹ̀ tó pá. “Àwa tí a rù ú gòkè nìyí. Irun tèmi wà lábẹ́ rẹ̀.” Ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kékeré bú sẹ́rìn-ín. “Irọ́ ni, ọmọ mi. Ó ti pá kó tó fẹ́ mi. Òjò ló ń fi í ṣe dígí.”

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ dùn. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, nítorí ẹni tó bá fẹ́ san ẹ̀san kò gbọdọ̀ purọ́. Wọ́n mú mi lọ síbi omi tó ń já. Omi náà ń bọ́ láti òkè bí aṣọ funfun tí ẹnìkan ń tú, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì tutù débi pé mo pariwo. Wọ́n mú mi lọ sí ihò. A fi ọwọ́ di gbòǹgbò mú láti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, a sì wọ abẹ́ òkúta ńlá tó yọ síta bí òrùlé. Àwọn àká amọ̀ tí àwọn ará àtijọ́ fi kó ọkà sí ṣì dúró níbẹ̀, wọ́n jókòó ti ara wọn bí àwọn ìyá tó ń dúró de ìròyìn. Ìyá Kékeré di ọwọ́ mi mú, ó fi àwọn ìka mi sínú ojú ìka tó wà lára amọ̀ náà. Ó bá mi mu rẹ́gí. “Ọmọbìnrin bíi rẹ ló rẹ́ ẹ,” ó ní. “Wọn kò lè jáde títí ogun fi kọjá. Àwọn mìíràn kò jáde mọ́.” Ìwọ̀n ìka nìkan ni mo rò nígbà náà. Ohun tí mò ń rò nísinsìnyí ni pé ọmọ náà kò béèrè fún ogun kankan, amọ̀ nìkan ló sì kù tó ń jẹ́rìí pé ó gbé ayé.

Ọjọ́ kẹta ni nǹkan bàjẹ́, kò sì dún rárá. Wọ́n ti ṣẹ́ ewé láti oko, àwọn obìnrin jókòó sẹ́nu ilé ewé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ahéré gbọọrọ tí wọ́n ń fi tábà kọ́ sí láti gbẹ. Wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ọparun gún igi àárín ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi okùn so wọ́n pọ̀, ewé kan kọjú síwájú, èkejì kọ̀yìn sí i. Mo jókòó lábẹ́ igi, ìwé ìṣirò mi wà lórí itan mi. Tasí ta ohùn sí mi láti ẹnu ọ̀nà:

“Àjọkẹ́, kí lo jókòó bí ìyàwó kòmáńdàn sí? Wá so tìẹ níbí, kí wọ́n má baà ní ọ̀lẹ ni mo tọ́.”

Ọwọ́ àwọn obìnrin náà dúró. Mo rí i dájúdájú. Gbogbo wọn dẹ́kun iṣẹ́, Ìyá Kékeré sì gbójú sókè.

“Àlejò ni, Rósà.”

“Ọmọ ilé ni,” Tasí ní. “Ẹ fún un ní abẹ́rẹ́.”

Inú mi dùn pé ó pè mí ní ọmọ ilé. Mo so odidi okùn kan, mo sì fẹ́ kí ó dára ju tiwọn lọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe ohun gbogbo. Oje ewé náà lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ó dúdú bí ọ̀dà, ọṣẹ kò ràn án. Nígbà tó yá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi, mo bì lẹ́yìn ilé, àwọn obìnrin sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Tábà ti kí i! Tábà ti ní, ọmọ Lomé, sà fà, ṣé dáadáa ni?” Èmi fúnra mi ni mo gun àkàbà, tí mo fi okùn náà kọ́ sí ibi kẹta láti ẹnu ọ̀nà. Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, mo rí Tasí àti Ìyá Kékeré lẹ́yìn ilé ewé, Tasí ń sọ̀rọ̀ sí i létí, Ìyá Kékeré ń mi orí. Mo rò pé tábà ni wọ́n ń ná. Tasí ní òun ń lọ ra ewé ní abúlé kejì, òun yóò padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ tán pátápátá. Ẹrù tèmi nìkan ló kù.

Ọjọ́ kẹrin kọjá, ìkarùn-ún kọjá. Mo rò pé àìsàn ló ṣe é. Mo di aṣọ àti ìwé mi, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Olókè, mo ní kí ó jẹ́ kí ẹnìkan fi ọ̀nà Atakpamé hàn mí.

“Ta ló so okùn kẹta láti ẹnu ọ̀nà?” ó béèrè.

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ó ti gbẹ?”

“Kò tíì gbẹ.”

“Ibo wá lò ń lọ?”

Mo rò pé ó ń ṣeré. Ìyá Kékeré ló jókòó tì mí tó là á yé mi. Ní ilẹ̀ wọn, àlejò kì í so tábà. Ọwọ́ tó bá so ewé ni ọwọ́ tó gbọ́dọ̀ tú u nígbà tó bá gbẹ. Bí ẹni tó so ó bá kúrò nílẹ̀ kí ewé rẹ̀ tó gbẹ, gbogbo ewé inú ilé náà ni yóò bu, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ìdí nìyí tí ọwọ́ wọn fi dúró lọ́jọ́ náà. Ẹyọ ẹnìkan ló lè bá àlejò tú okùn rẹ̀, ẹni tó mú un wá sílé. “Rósà mọ̀ bẹ́ẹ̀,” ó ní. “Níbí ló dàgbà sí.” Mo bi í pé nígbà wo ni ewé yóò gbẹ. Ó wo ojú ọ̀run. “Bí ọyẹ́ bá dé, kò ní pẹ́. Bí kò bá dé, a ó máa wò ó.” Bàbá Olókè sì fi kún un pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ, kí n fara balẹ̀, kí n jẹun.

Ọyẹ́ kò dé. Láàárọ̀ gbogbo mo máa ń wọ ilé ewé lọ wo okùn mi kí n tó bọ́jú. Ewé náà kúrò ní tútù, ó di pípọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n, ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tó rí ibi ìsinmi. Afẹ́fẹ́ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó lọ́rinrin, ó wúwo. Mo lá ètè mi láti mọ̀ bóyá ó ń gbẹ. Ètè mi rọ̀ bí ti ọmọ ọwọ́. Wọn kò fìyà jẹ mí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí, nítorí ó rọrùn láti kórìíra ẹni tó ń fìyà jẹni. Wọ́n ń fún mi ní iyán tó kúná àti ẹran ìgbẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí Ifẹ̀ mi tí mò ń fi Faransé lú, wọ́n sì jẹ́ kí n máa fi èédú ṣe ìṣirò sára ògiri. Ní ọjọ́ Nọ́ẹ̀lì, kàtẹ́kísì kan wá gbàdúrà fún wọn. Mo ya ewé kan nínú ìwé mi, mo kọ lẹ́tà sí bàbá mi ní Faransé, pé Tasí fi mí sílẹ̀, pé kí ó rán Tasí wá tú okùn mi, pé ìdánwò ti ń bọ̀. Bí mo ti ń ká a, ìka mi tó dúdú fi ojú hàn gbàǹgbà lára rẹ̀. Mo fẹ́ tún un kọ nítorí ìdọ̀tí náà. Kàtẹ́kísì ní òun kò lè dúró, ó sì mú un lọ.

Ẹnikẹ́ni kò wá. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ìdánwò pé, mo gbé ẹrù mi nígbà tí gbogbo wọn wà lóko, mo sì mú ọ̀nà pọ̀n. Kò sí ẹni tó dè mí. Ọ̀nà náà là gbooro, mo sì ti rí irin àwọn Jámánì nísàlẹ̀ nínú koríko, nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Ìyá Kékeré ni, òun nìkan. Mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ sáré. Kò fọwọ́ kàn mí. Ó kọjá mi, ó yí padà, ó sì kúnlẹ̀ sínú eruku níwájú mi, obìnrin tí orí rẹ̀ funfun, níwájú ọmọ tí kò tíì ju ọdún mẹ́tàlá lọ.

“Àjọkẹ́, mo bẹ̀ ọ́. Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó kan sá kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú okùn rẹ̀ lókè. Ewé bu. A kò rí owó orí san fún kòmáńdàn Faransé, wọ́n kó ọmọ mi ọkùnrin lọ síbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà. Kò padà. Mi ò ní òmíràn tí mo lè fún wọn.”

“Ìyá, ẹ dìde.”

“Bí mo bá dìde, ṣé o ó padà?”

Mo wo ọ̀nà. Mo wo àárín orí rẹ̀. Mo gbé ẹrù mi, mo sì bá a padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú nìyẹn. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn tí mo bá fọkàn tán: pé mo pàdánù ayé mi, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo yàn án, pé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nǹkan kan wà ní ọwọ́ mi tí àgbàlagbà nílò, tí mo sì fún un. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sínú àyà mi bí ẹni gbé owó góòlù.

Ọjọ́ Sátidé ìdánwò ni ọyẹ́ dé. Mo jí, ètè mi ti là, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ewé, mo ń gbọ́ bí ewé ti ń ró wọ́ṣọ́wọ́ṣọ́ lórí mi, mo sì ń ka àkókò: wọ́n ti ń pe àpèkọ báyìí, wọ́n ti ń pín ìṣirò báyìí. Ó kọjá ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó pè mí láti wá tú okùn mi. Ewé náà pupa rẹ́súrẹ́sú, ó dára. Àwọn obìnrin ní nínú gbogbo ewé ilé náà, tèmi ló mọ́ jù.

Nígbà tí mo wọ àgbàlá wa ní Amoutivé, Tasí wà nídìí ọlọ. Kò dìde. “O dé? Ṣé ewé gbẹ?” ó ní. Fẹlísì ti lọ. Nígbà tí kò ti sí ẹlòmíràn lórí ìwé orúkọ, òun ni wọ́n mú. Bàbá mi wò mí láti orí àga rẹ̀, ó ní, “Káàbọ̀. O ti ga sí i.” Màsẹ́ẹ̀ ní Ọlọ́run mọ ohun tó ń ṣe, ó sì yí ojú kúrò lára ọwọ́ mi tó dúdú. Fẹlísì kò parí ẹ̀kọ́ náà. Ní ọdún kejì ó padà sílé láìní ìwé ẹ̀rí kankan, ó fẹ́ aṣọ́bodè kan, wọ́n kó lọ sí Dakar, ó sì ń kọ lẹ́tà tí àṣìṣe kún inú rẹ̀ sí wa. Èmi kàwé títí, fúnra mi, ohun tí mo bá rí ni mò ń kà. Ṣùgbọ́n àyè náà ti kọjá, kò sì tún sí ẹni tó wá wá ọmọbìnrin kan mọ́. Mo lo ayé mi nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn Faransé, mò ń tẹ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, mò ń bá àwọn tí kò mọ̀wé tó mi tún Faransé wọn ṣe láìsọ fún wọn. Nígbà tí bàbá mi kú, mo ṣí àpótí rẹ̀. Lẹ́tà mi wà lábẹ́ àwọn ìwé ìròyìn. Ó ti tú u, ó ti kà á, ó tún ká a dáadáa padà. Ojú ìka mi ṣì wà lára rẹ̀, ó dúdú bí ọjọ́ tí mo fi síbẹ̀. Mo fi ìka mi lé e. Kò bá a mu mọ́.

Ilé mi ni Tasí Rósà ti lo ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, nítorí Fẹlísì ní afẹ́fẹ́ Dakar kò ní bá a lára mu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, ojú rẹ̀ ṣì mú. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń fi ṣíbí bọ́ ọ, èmi ni mò ń lọ aṣárà rẹ̀ ní ojúmọ́, lórí ọlọ kan náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àìsàn rẹ̀ ti le gan-an, mo mọ̀ pé kò ní pẹ́ mọ́. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sọ ohun tí n kò sọ fún un rí láti ìgbà èwe mi. Mo ní, “Tasí, mo mọ ohun tí ẹ ṣe. Ẹ mọ òfin ilé yẹn, ẹ sì ní kí n so ewé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ẹ gbọ́ ọ. Ọ̀nà là sílẹ̀ fún mi. Mo ti dé ibi irin àwọn Jámánì. Ìyá Kékeré kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, mo sì padà nítorí tirẹ̀, kì í ṣe nítorí yín. Ìyẹn nìkan ni ẹ kò lè gbà lọ́wọ́ mi.” Mo rò pé yóò sunkún. Mo rò, kí Ọlọ́run dárí jì mí, pé yóò bẹ̀ mí. Ó fi ahọ́n tọ́ ètè rẹ̀, ó sì ní:

“Èmi ni mo ní kí ó kúnlẹ̀. Kí n tó lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo sọ fún un pé bí o bá gbìyànjú àtilọ, kó má fọwọ́ kàn ọ́ rárá, kó ṣáà kúnlẹ̀ fún ọ. Èmi ni mo tọ́ ọ, Àjọkẹ́, mo mọ̀ ọ́. Gbé aṣárà mi wá.”